Ayọ̀, ìbéèrè tó o bi mí lórí fóònù

Ayọ̀ mi,

Ìyá ẹ ń kí ẹ o, àlàáfíà la wà. Ọ̀rọ̀ tó o bá mi sọ lọ́jọ́ Sunday yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, tó o ní tí ọ̀gá ẹ bá fẹ́ pa àṣẹ kan tó o rí i pé ó máa gbẹ̀mí àwọn sójà, ṣé kó o sọ̀rọ̀ ni àbí kó o dákẹ́. Ọkùnrin kan wà tí bàbá mi máa ń dárúkọ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ìròyìn ogun 1973 láàárín Íjíbítì àti Ísírẹ́lì lórí rédíò, Saad el-Shazly, jẹ́nẹ́rà Íjíbítì.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1967 tí ogun Ísírẹ́lì dà àwọn sójà Íjíbítì rú ní aṣálẹ̀ Sínáì, oníkálukú ń sá lójú ọ̀sán, ọkọ̀ òfuurufú Ísírẹ́lì sì ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé wọn lórí. Shazly ò gbúròó àwọn ọ̀gá ẹ̀ mọ́, bí 1,500 èèyàn ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá kó wọn síwájú, wọ́n wọ ilẹ̀ Ísírẹ́lì gan-an, wọ́n fara pamọ́ síbẹ̀, ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ló tó kó wọn padà sọdá Suez, odò tí wọ́n gbẹ́ láàárín Sínáì àti ìyókù Íjíbítì, ìwọ̀nba ló sì sọnù nínú wọn. Ọdún 1971 wọ́n fi ṣe chief of staff, ìyẹn olórí àwọn ọ̀gá ológun Íjíbítì. Ètò tóun ṣe ò kọjá agbára wọn: kí wọ́n sọdá omi Suez yẹn, kí wọ́n dúró síbi tí mísáìlì tí wọ́n fi ń já ọkọ̀ òfuurufú lè dáàbò bò wọ́n dé, kí wọ́n má lọ jù bẹ́ẹ̀. October 6, 1973, wọ́n fi pọ́ǹpù omi ya ògiri yanrìn tí Ísírẹ́lì mọ sétí omi náà, tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, wọ́n sì sọdá lóòótọ́.

Ìgbà tó yá Sadat, ààrẹ Íjíbítì, ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú kọjá ibi tí mísáìlì yẹn dé. Shazly ní rárá, ó ṣàlàyé ìdí ẹ̀, wọn ò gbọ́, October 14 bí tánkì 250 ṣòfò lọ́jọ́ kan. Ó tún ní kí wọ́n kó tánkì padà wá dí ibi tí Ísírẹ́lì ti fẹ́ gbà wọlé, Sadat tún kọ̀. Ká tó parí ọdún yẹn wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi ṣe aṣojú ní London, lẹ́yìn ẹ̀ ní Pọtogí, nígbà tó bu ẹnu àtẹ́ lu àdéhùn àlàáfíà Camp David tí Sadat bá Ísírẹ́lì ṣe ló di ará ìgbèkùn ní Àlùjéríà, ó sì padà sílé ní 1992 tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n torí ìwé tó kọ nípa ogun yẹn. February 10, 2011 ló kú, ọjọ́ kejì ẹ̀ ni Mubarak tó jẹ ààrẹ lẹ́yìn Sadat fipò sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o wò nibi tó ti sọ ọ́, àti ìgbà tó sọ ọ́. Inú ìpàdé ló ti sọ ọ́, lójú àwọn tó ń pàṣẹ, kí tánkì kankan tó ṣí, kì í ṣe pé ó ń sọ ọ́ kiri bàràkì. Ìwọ náà, mọ iye tánkì, mọ iye èèyàn, kó o tó la ẹnu.

Èmi bàbá ẹ dákẹ́ rí. Níbi iṣẹ́ kan, ọ̀gá ní ká ṣáà máa lo ẹ̀rọ kan tó ti bàjẹ́, mo mọ̀, mi ò sọ, ẹ̀rọ náà gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan. Ó ti lé lógún ọdún, mo ṣì ń rí ọwọ́ ẹ̀ lójú oorun.

Torí náà sọ̀rọ̀, Ayọ̀. Tí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé ẹ wálé, yàrá ẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá ẹ ti fi gàrí àti ẹ̀wà sínú mọ́tò Kàdúná, pè mí tó bá dé.

Bàbá ẹ