Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi: ọjọ́ tí a kò gbéra

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí n tó gbé bíírò. O ní àbúrò rẹ ti kó gbogbo yín láyà sókè nítorí pé iṣẹ́ awakọ̀ hẹlikọ́pítà ni òun fẹ́ ṣe, o sì ní kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an láìfi ohunkóhun pamọ́. O tún béèrè bóyá ẹ̀rù máa ń bà mí lókè. Ẹ̀rù máa ń bà mí, n kò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ òkè ni ó ti ń bà mí. Ilẹ̀ ni, kí a tó gbéra.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì awakọ̀ wà lórí ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bí ó bá fà á sókè, gbogbo abẹ̀bẹ̀ tó wà lórí ọkọ̀ yóò jọ gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ yóò sì gbéra. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá kejì mú, èyí tó ń darí ọkọ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sí ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dà tó ń darí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà ní ìrù, nítorí bí abẹ̀bẹ̀ ńlá ṣe ń yí sí apá kan ni ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ yí sí apá kejì, abẹ̀bẹ̀ kékeré yẹn ni kò sì jẹ́ kí ó yí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí èyí tí o lè fọwọ́ kàn nínú wọn tí àwọn yòókù kò ní gbọ́. Ọjọ́ tí olùkọ́ mi kọ́kọ́ ní kí n dá ọkọ̀ dúró lójú kan, nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sí ilẹ̀, ṣe ni ó ń fì bí ìgbà tí a bá so garawa omi mọ́ okùn. Kí n tó tì í síwájú, ó ti lọ jù. Kí n tó fà á padà, ó ti ń sá sẹ́yìn. Òógùn bò mí. Olùkọ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì péré dì í mú, ọkọ̀ dúró ṣinṣin, ó ní kí n yé wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ mi, kí n máa wo ọ̀ọ́kán. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ń fì bẹ́ẹ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo kàn ṣàdédé rí i pé ọkọ̀ ti dúró, tí n kò sì lè sọ ohun tí mo ṣe yàtọ̀ sí ti àná.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń bi mí ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè ńkọ́. Wọ́n rò pé ọkọ̀ yóò já lulẹ̀ bí òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, awakọ̀ gbọ́dọ̀ rẹ ọ̀pá ọwọ́ òsì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, atẹ́gùn tó ń gba ìsàlẹ̀ fẹ́ wá bí ọkọ̀ ti ń sọ̀ ni yóò sì máa yí abẹ̀bẹ̀ dípò ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ilẹ̀ bá sún mọ́, yóò gbé imú ọkọ̀ sókè kí eré rẹ̀ lè dínkù, yóò wá fi ìwọ̀nba agbára tó kù nínú abẹ̀bẹ̀ gbé ọkọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àǹfààní yẹn máa ń yọjú. Nínú Robinson R22, hẹlikọ́pítà kékeré tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ fúyẹ́ débi pé bí o bá fi ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì ronú, ó lè ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1972, Jean Boulet, ará Faransé, gbé hẹlikọ́pítà Lama dé gíga mítà 12,442. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì jí mọ́, ọ̀nà tí mo ṣàlàyé yìí ni ó sì gbà sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nítorí náà, kí ìyá yín fọkàn balẹ̀ lórí ti ẹ́ńjìnnì.

Ní ti láísẹ́nsì, òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó fẹ́ fi hẹlikọ́pítà jẹun ti fò fún wákàtí 150 ó kéré tán, kí 50 nínú rẹ̀ sì jẹ́ nínú hẹlikọ́pítà. Owó ńlá ni, awakọ̀ yóò sì máa lọ sọ́dọ̀ dókítà déédéé kí wọ́n yẹ ojú, etí àti ọkàn rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní wákàtí 150 kò tíì rí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ó kọ́kọ́ di olùkọ́, tí a ń kọ́ ẹlòmíràn títí wákàtí wa fi tó bíi ẹgbẹ̀rún kan kí ilé iṣẹ́ kankan tó dá wa lóhùn. (Èmi rò pé ìgbà tí mo ń kọ́ni ni mo tó mọ ọkọ̀ wà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣe àṣìṣe tí orí tìrẹ kò lè rò láéláé.)

Aláìsàn ni mo ń gbé báyìí. Kí n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú mi, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì yí ọkọ̀ po, mo máa ń tú epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife kékeré, mo sì máa ń gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó de ìpè. Ìlànà kan wà níbi iṣẹ́ wa tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀: wọn kì í sọ ohun tó ṣe aláìsàn fún awakọ̀. Wọn kì í sọ bóyá ọmọdé ni tàbí àgbà, bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á sọ ibi tí a ń lọ fún mi, èmi á wo ojú ọjọ́, epo àti bí ẹrù ṣe wúwo tó, n ó sì dáhùn. Bí mo bá gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà ní bèbè ikú, ojú tí n ó fi wo kùrukùru kò ní jẹ́ ojú kan náà mọ́. Nọ́ọ̀sì tí a jọ ń lọ náà ní ẹnu níbẹ̀: bí ẹnì kan péré nínú wa bá ní òun kò lọ, kò sẹ́ni tó ń lọ, a kì í sì bi í ní ìdí kí a tó pa ẹ́ńjìnnì.

N kò tètè gba ìlànà yẹn sọ́kàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí àwọsánmà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, bí ó ti ń rẹlẹ̀ ni èmi náà ń rẹlẹ̀ tẹ̀lé e, nítorí ojú ń tì mí láti padà. Lójijì, iná ilé tó wà níwájú wa pòórá. Bí ojú kò bá rí nǹkan kan mọ́, etí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún awakọ̀: ọkọ̀ á ti dà sí ẹ̀gbẹ́, etí á ní ó dúró ṣánṣán. Àwọn aago ojú ọkọ̀ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe dúró ni mo tẹ̀ lé, kì í ṣe ara mi. Mo rọra yí padà, mo sì gbé e kalẹ̀ sí pápá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo rí. Nọ́ọ̀sì kò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá ní, "Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀." Mo ní èmi gan-an ni ó yẹ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí ìpè wọlé lóṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru kan péré ló kù kí ojú ọjọ́ tutù dé ibi tí ìrì ti ń sẹ̀, atẹ́gùn kò sì fẹ́ rárá, èyí tó túmọ̀ sí pé kùrukùru lè bo ilẹ̀ nígbàkigbà. Mo ní rárá. Áńbúláǹsì ni ó lọ gbé aláìsàn náà, wákàtí méjì ni ọ̀nà rẹ̀. Mo jáde síta, mo dúró ti ọkọ̀, mo ń retí kùrukùru tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀. Kò wá. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, n kò sì mọ ẹni tí aláìsàn náà jẹ́ tàbí bí ó ti padà rí, n kò sì béèrè.

Bí òru yẹn bá tún padà, rárá náà ni n ó sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o sọ fún àbúrò rẹ nìyẹn, kí ó sì kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀ bí ó bá ṣì fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá pè mí tí n kò gbé e, mo wà níta, mo ń wo ojú ọjọ́ ni.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.