Ta Ló Rán Wọn Wá Tú Ibùdókọ̀ Rélùwéè Àtijọ́ Wa?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ń bí mi, mi ò sì lè gbé e mì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá ní ìlú kékeré kan láàárín Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, níbi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni mo bá lórí òrùlé ibùdókọ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń ṣí páànù. Igi àjà tí wọ́n ti yọ ti kún inú ọkọ̀ akẹ́rù nísàlẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àwọn ọ̀gá ti mọ̀ sí i." Ọ̀gá wo? Kò dá mi lóhùn mọ́.

Fèrèsé kan wà ní ibùdókọ̀ yẹn tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Pákó abẹ́ rẹ̀ ti jin díẹ̀ láàárín, níbi tí ọwọ́ èrò ti ń gbé owó lé, tí wọ́n sì ti ń fa ṣéńjì wọn gbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò ga tó o, ìyá mi ló máa ń gbé mi sókè kí n lè rí akọ̀wé tó wà nínú ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, pákó náà ni mo rí nínú koríko, ó dojú bolẹ̀, ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ tì í. Mo gbé e, mo nu ilẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, pé ó ti ní ẹni tó ni ín.

Kò dìgbà tí mo bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìtàn rélùwéè. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti Ìddó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà lọ́dún 1896, tó wọ Ìbàdàn lọ́dún 1901, tó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, kó tó wá forí lé Òkè Ọya. Orí irin yẹn ni kòkó àwọn bàbá wa gbà dé etí òkun. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945. Ibi tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ni ẹnì kan wá ń tà ní páànù páànù!

Mi ò bá ọkọ̀ ojú irin tuntun jà o. Mo ń wọ̀ ọ́ láti ọdún 2021 tó ti bẹ̀rẹ̀, ó yá, ó sì mọ́ tónítóní. Wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n fi ti Wole Soyinka sọ ti Abẹ́òkúta, wọ́n fi ti Awólọ́wọ̀ sọ ti Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irin tuntun fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ibùdókọ̀ tirẹ̀ ló ń lò, bó sì ṣe dé ni àwọn aláṣẹ kẹ̀yìn sí àwọn tó ti wà níbẹ̀, bí ọkùnrin tó fẹ́yàwó tuntun tí kò yọjú sí yàrá ìyáálé mọ́. Ẹ lọ sọ fún àwọn ti ìpínlẹ̀, wọ́n á ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ti àpapọ̀, wọ́n á ní kí ẹ kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà. Nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo tún kọ òmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wọn yìí ni àwọn tó ń tú òrùlé ti rí àyè.

Àwọn kan á ní kí ìjọba kéde àwọn ibùdókọ̀ náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ìkéde nìkan kò gba ilé là. Ilojo Bar l'Ékòó ńkọ́, ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti Brazil, tó ti wà láti ọdún 1855? Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ilé tí èèyàn ń wọlé jáde nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè déédéé gun òrùlé rẹ̀. Ẹ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́tà. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ló tún un ṣe, àwòrán àti ohun èlò rélùwéè ló wà nínú rẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn sì ń lọ wò ó. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù, kí wọ́n fi ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan lé ìlú tó wà lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Yàrá tíkẹ́ẹ̀tì lè di ilé ìkàwé fún àwọn ọmọ iléèwé. Yàrá ọ̀gá ibùdókọ̀ la ó kó àwọn ohun èlò àtijọ́ sí. Àtùpà bàbá mi, èyí tó ní gíláàsì pupa àti àwọ̀ ewé, wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ni màá gbé e lọ, mo sì mọ ilé mẹ́rin míì tí nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Kí àwọn ìyá ọlọ́jà máa pàtẹ lórí pèpéle lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n máa san owó díẹ̀, kí owó náà má kúrò nínú àtúnṣe òrùlé. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni kó máa mú àwọn àlejò káàkiri, torí àwọn ló mọ ohun tí irin kọ̀ọ̀kan wà fún. Kí wọ́n má sì gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá tó máa fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ bíríkì àtijọ́ pa, torí omi tó bá há sínú ògiri bẹ́ẹ̀ á máa jẹ ẹ́ láti inú.

Kí ọlọ́pàá máa bi ẹni tó ń ra irú páànù àti irin bẹ́ẹ̀ léèrè ibi tó ti rà á. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ò ní àwáwí mọ́, torí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ́dún 2023 ti fún wọn lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè.

Mo padà lọ síbẹ̀ lánàá. Ìdajì òrùlé ṣì wà. Òjò ti ń wọ yàrá tíkẹ́ẹ̀tì. Kí "ọ̀gá" tó mọ̀ sí i yẹn jáde, kó sọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí, kó sì sọ ẹni tó fún un láṣẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè,
Abẹ́òkúta.