Ẹ̀sùn lórí páìpù ìdọ̀tí tí ẹ tún ṣe láìgbẹ́ ilẹ̀: ẹ ti dí ẹnu páìpù ilé ìdáná wa

Peckham, London

Sí Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo kọ̀wé yìí lórí iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe sí páìpù omi ìdọ̀tí tó gba abẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa. Yorùbá la fi dúnàádúrà, òun náà ni mo fi ń fẹjọ́ sùn.

Ilé ayé àtijọ́ ni ilé wa, páìpù amọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò igi sì ti gba oríkèé páìpù wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ fi kámẹ́rà wò ó, ẹ ní kò sídìí láti gbẹ́lẹ̀. Ẹ ó fi omi alágbára fọ inú rẹ̀, ẹ ó gé gbòǹgbò kúrò, ẹ ó wá fi afẹ́fẹ́ ti láínà, ìyẹn aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú rẹ́sìn, oje tó máa ń le, wọ inú páìpù, kó lẹ̀ mọ́ ọn lára, kó sì le bíi páìpù tuntun. Mo gbà tọkàntọkàn. London yìí náà ni Eric Wood, ẹni tó hùmọ̀ ọgbọ́n náà, ti kọ́kọ́ fi í ṣiṣẹ́, ní Hackney lọ́dún 1971, ó sì wù mí kí ìyá mi, tó ń fi ọ̀pá rìn, má ṣe máa yẹra fún kòtò.

Ṣùgbọ́n páìpù sínkì ilé ìdáná ya wọ páìpù ńlá yẹn láàárín. Bí láínà bá ti kọjá níbẹ̀, ó di dandan kó bo ẹnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ rán róbọ́ọ̀tì tó ń gé nǹkan wọlé lẹ́yìn tí ó bá ti le, kó tún ẹnu náà ṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ yín kò ṣe é. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ṣàn dáadáa báyìí, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá da omi jáde, inú sínkì ni omi dúdú ń rú padà sí.

Nígbà tí mo pè, ọ́fíìsì yín ní epo tí mò ń dà sí sínkì ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Inú ike là ń da epo tí a bá fi dín nǹkan sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ parí iṣẹ́ ni omi dúró. Epo wo ló ń dì bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan? Mo sanwó fún ẹlòmíì tó ki kámẹ́rà kékeré bọ inú páìpù sínkì: ó kọlu ara láínà yín, ó dí pinpin. Fídíò náà wà lọ́wọ́ mi. Tiyín tí ẹ ṣèlérí pé ẹ ó yà lẹ́yìn iṣẹ́, n kò rí i di òní.

Wọ́n tún ní kí n lọ bá ilé-iṣẹ́ omi. Páìpù tí ilé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ń lò àti èyí tó kọjá ààlà ilé ẹni ni ilé-iṣẹ́ omi gbà mọ́ra ní October 1, 2011. Tiwa nìkan ni èyí, inú ọgbà wa ló sì parí sí.

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2015, ní kí ẹ fi ìmọ̀ àti ìṣọ́ra ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, láìfi falẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn: ẹ wá ṣí ẹnu páìpù náà, ẹ ya fídíò láti òpin dé òpin, kí ẹ sì fún mi ní ẹ̀dà kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá lára owó mi padà, pẹ̀lú owó ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ lo rẹ́sìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ sọ fún mi ṣáájú. Òórùn ti ìjọsí gba inú ihò ilé ìwẹ̀ wọlé, orí fọ́ ìyá mi títí ilẹ̀ fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín kò sọ fún wa pé ká bu omi sí gbogbo ihò ìṣàn omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, màá kọ́kọ́ gbé màmá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín