Sípínáàṣì kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ojú ewé oúnjẹ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò, níbi tẹ́ ẹ ti ní ká se "tẹ̀tẹ̀ tàbí sípínáàṣì" fún ìṣẹ́jú 15. Háà! Ta ló ń se sípínáàṣì fún ìṣẹ́jú 15? Ìyẹn kì í ṣe ọbẹ̀ mọ́, omi ewé ni.

Mo mọ ibi tó ti wá o. Ní Bódìjà, tẹ́ ẹ bá ní sípínáàṣì lẹ fẹ́ rà, tẹ̀tẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa dì fún yín, orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ní Peckham níbí, sípínáàṣì gangan ni wọ́n ń tà, ewé ẹ̀ rọ̀, omi ẹ̀ pọ̀, kò le lára bíi tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo ra ìdì ńlá méjì, mo rẹ́ ẹ sórí ata bí màmá mi ṣe máa ń ṣe, mo dé ìkòkò pa, mo lọ wẹ ọmọ. Nígbà tí mo bu oúnjẹ, ọkọ mi wojú abọ́ títí, ó ní ẹ̀fọ́ wá dà?

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí nìyí. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Tọ́kì ni mo ti ń rà á, torí wọ́n máa ń tà á tòun ti gbòǹgbò, tí gbòǹgbò yẹn bá ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú tí igi ewé sì ń dún pọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ó dáa nìyẹn. Tinú ọ̀rá ńkọ́? Ẹ yí ọ̀rá padà kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, tí omi bá ti ṣẹ́ síbẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ rí ewé kan tó ń yọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀kan yẹn ló máa ba ìyókù jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá délé ẹ má fọ̀ ọ́ o, àfi ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é. Ẹ fi tíṣù wé e (ẹ má bínú, ìwé ìròyìn yín ni mo fi ń wé e tẹ́lẹ̀, ọmọ mi ló ní íǹkì ò dáa lára oúnjẹ), kẹ́ ẹ gbé e sísàlẹ̀ fíríìjì, kó jìnnà sí ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n torí wọ́n máa ń jẹ́ kí ewé tètè pọ́n. Ó máa lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́, abọ́ ńlá ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kó ewé jáde látinú omi, tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ sínú ajọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iyanrìn tó ti rì sílẹ̀ abọ́ náà lẹ tún dà lé e lórí yẹn. Kó wọ omi tó ń hó, ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù, kó bọ́ sínú omi tútù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fún un gan-an bí ẹni ń fún aṣọ. Kò sí káún ńbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí ata, ìrú àti epo ti dín tán, kí ẹran, pọ̀nmọ́, ẹja gbígbẹ ti wọ̀ ọ́ lára, kẹ́ ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pa iná. Ẹ má dé e o! Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára tẹ́ ẹ fún, ẹ ṣù ú róbótó sí náílọ́ọ̀nù, kó wọ fírísà.

Omi tẹ́ ẹ fi bọ̀ ọ́ yẹn, ẹ dà á nù, òun ló ń jẹ́ kí eyín máa ha wá, kò sì dáa fẹ́ni tó ní òkúta nínú kíndìnrín. Ẹni tó ń lo oògùn warfarin náà, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kó má ṣàdédé máa jẹ ẹ́ lájẹjù láìsọ fún dókítà, àwọn ewé báyìí lè dín agbára oògùn yẹn kù.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju pé kẹ́ ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́. Ẹni tó bá sì ń wá tẹ̀tẹ̀ gidi ní London, kó béèrè kálalú lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà, ohun náà ni, ó kàn wọ́n ni. Ti ṣọkọ ni mi ò tíì rí. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Peckham, London