Lẹ́tà Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́, Sáà Kìn-ín-ní

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ní Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀,

Ẹ kú ìnáwó ìwọlé o. Àwọn ọmọ ti dé, ara wọn le, bẹ́ǹṣì tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ rà sì ti wà ní kíláàsì JSS 1. A dúpẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ àti aṣọ eré ìdárayá wà nínú ìwé tí ọmọ yín mú wálé, mi ò ní tún un sọ.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS 1 ni mo tìtorí wọn kọ̀wé yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, òbí mẹ́sàn-án ló ti wá bá mi ní ọ́fíìsì pé kí n yọ ọmọ àwọn kúrò nínú Físíìsì. "Mà, ó ti le jù, kí ló fẹ́ fi ṣe láyé?" Mẹ́fà nínú wọn, ọmọbìnrin ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá, èyí kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn tó béèrè, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní sáà tó kọjá, olùkọ́ Físíìsì wa kó àwọn ọmọ JETS, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, jọ sí pápá. Ó ti wo àkókò rẹ̀ lórí fóònù. Kò pẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan yọ lápá ìwọ̀-oòrùn, ó mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ lọ, kò ṣẹ́jú, kò dún, ó ń lọ geere títí ó fi pòórá sápá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ọlọ́dẹ wa ní àgùàlà ni. Ọmọ SS 2 kan ní, "Bàbá, àgùàlà kì í sáré." Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ohun tí a rí ni ISS, ibùdó tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ kọ́ sójú òfurufú. Èèyàn ń gbé inú rẹ̀, ó ga tó nǹkan bí 400 kìlómítà, kì í sì í ju nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú lọ tí ó fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan.

Inú ibùdó yẹn ni wọ́n ti tú Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lójú òfurufú, sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2017. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló ni sátẹ́láìtì náà. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Kyushu Institute of Technology ní Japan ló ṣe é, àwọn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ghana, Mongolia, Bangladesh àti Japan fúnra rẹ̀, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ sátẹ́láìtì, ẹ lè máa rò ó pé ó tó ọkọ̀ dáńfó. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ JETS fi páálí ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì da iyọ̀ sínú rẹ̀ títí ó fi tó kílò kan, kó lè wúwo bí ojúlówó. Ó wà lórí tábìlì mi. Òbí tó bá wá yọ ọmọ kúrò nínú Físíìsì, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbé e wò ná.

EduSat-1 kọ́ ni sátẹ́láìtì Nàìjíríà àkọ́kọ́. NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, ti wà láti 1999. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003 ni NigeriaSat-1 gòkè láti Rọ́ṣíà. Nígbà tó di 2011, NigeriaSat-X gòkè, àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ló sì fọwọ́ ara wọn tò ó ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ tiẹ̀ fi Japan àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná. Ṣebí Federal School of Surveying, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, wà nílùú wa níbí. Láti 1908 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Èkó ló sì wà tẹ́lẹ̀ kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ wa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a rò pé okùn ni wọ́n ṣì ń fà níbẹ̀. Ẹ wo sàfẹ́yọ̀ tó bá wá wọn ilẹ̀ yín lóde òní: ẹ̀rọ tó gbé dúró ń gbọ́ ohùn àwọn sátẹ́láìtì tó ga ju 20,000 kìlómítà lọ. Ó kéré tán, mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀run kó tó mọ ibi tó dúró sí: mẹ́ta fún ibẹ̀ gan-an, ìkẹrin nítorí pé aago inú ẹ̀rọ náà kò lè péye bíi ti àwọn tó wà lókè. Ẹni tó bá ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí ní Ọ̀yọ́ yìí mọ ohun tí ẹsẹ̀ bàtà méjì lè dá sílẹ̀. Físíìsì ló ń bá wa parí rẹ̀.

Ifẹ̀ náà kò jìnnà. Inú ọgbà OAU ni ARCSSTE-E wà, ibùdó ìkọ́ni ní ìmọ̀ òfurufú fún ilẹ̀ Áfíríkà tó ń bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣiṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998. Ẹni tó ti gboyè yunifásítì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán sátẹ́láìtì wo oko, omi àti ojú ọjọ́. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà. Gbogbo wọn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì, pẹ̀lú Kẹ́mísírì fún àwọn ẹnjiníà. Ọmọ tó bá ti já Físíìsì sílẹ̀ ní SS 1, ó ṣòro kó tó tún wọlé.

Ẹ ṣọ́ra o. Lóṣù kẹfà, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúró sí ẹnu géètì wa, ó ń ta fọ́ọ̀mù fún àwọn òbí pé NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ́ kó ọmọ lọ sọ́hùn-ún. Òbí méjì ti sanwó kí n tó gbọ́. Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ni NASA sábà ń gbà síṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, wọn kì í sì í ta fọ́ọ̀mù lẹ́nu géètì. Èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni ìdíje Space Apps, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ JETS márùn-ún ti ń múra, ohun tí wọ́n nílò lọ́wọ́ yín ni dátà àti ìyọ̀ǹda.

Ọjọ́ 4 sí 10 oṣù kẹwàá ni Ọ̀sẹ̀ Òfurufú Àgbáyé. A ó kó àwọn SS 1 jáde lọ́sẹ̀ náà, ìwé ìyọ̀ǹda ń bọ̀.

Títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìwé tí a fi ń pààrọ̀ iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ yóò fi wà lọ́wọ́ mi. Òbí tó bá ṣì fẹ́ yọ ọmọ rẹ̀, kó mú ọmọ náà dání wá. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́