Ibi tí ọ̀rọ̀ “chance” ti ṣẹ̀

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ọmọ rẹ ń wádìí ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chance, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń pe ọ̀rọ̀ náà láìbèèrè ibi tó ti ṣẹ̀.

Látìn ni orírun rẹ̀. Cadere ni àwọn ará Róòmù ń pe kí nǹkan já bọ́. Nígbà tó dé ẹnu àwọn Faransé, ó di cheance, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1300. Ìdí tẹ́tẹ́ ni ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń da dáìsì: bí ó bá ṣe já bọ́ ni ìpín ẹni. Chaucer, akéwì wọn tó kú ní 1400, fi í sẹ́nu atatẹ́tẹ́ kan tó pe méje ní chance tirẹ̀. Accident náà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni, láti inú cadere kan náà.

Àwa náà mọ ohun tí a ń dà sílẹ̀. Bí a bá da obì aláwẹ́ mẹ́rin, tí méjì ṣíjú sókè, tí méjì dojú bolẹ̀, a ó ní obì yàn, nítorí pé a gbà pé ẹnìkan ni ó fèsì. Ẹni tó ń da dáìsì kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kò sì retí èsì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìṣòro títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá wà: bí mo bá pè é ní oríire, mo ti fa orí wọ̀ ọ́; àkọsẹ̀bá ni ó sún mọ́ ọn jù, torí kò sí ẹni tó rán ẹsẹ̀ pé kí ó kọ, òun ni mo sì fara mọ́.

Ní ti àwọn èrò ọkọ̀ ọ̀nà Lọ́kọ́ja, àyè ni ṣáàńsì: “Ẹ fún mi ní ṣáàńsì,” kí ẹni tó jókòó sún díẹ̀. Igbe “one chance” tí kọ̀ńdọ́ ń ké, àyè ẹnìkan ṣoṣo tó kù ni, kí àwọn olè tó kọ́ igbe náà, tí ó sì di orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ja èrò lólè. Ó dùn mí pé ìtumọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa kọ́kọ́ ń mọ̀.

Bí ọmọ náà bá tún ní ìbéèrè, jẹ́ kí ó kọ ọ́ sí mi fúnra rẹ̀, kí ó sì fi Yorùbá kọ ọ́. Bá mi kí ìyá rẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.