Ooru nìkan kọ́ ló ń ba sátẹ́láìtì tó ń wo oòrùn jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan ìwé ìròyìn.

A ka lẹ́tà méjì tí àwọn òǹkàwé yín kọ nípa sátẹ́láìtì tí àwọn ará òkè òkun ń kọ́ láti máa wo oòrùn. Ẹnì kan ní owó ṣòfò ni, pé kí ni wọ́n ń fi odidi ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá dán wò? Ẹnì kejì ní bó ti wù kí wọ́n kọ́ ọ tó, yíyọ́ ni yóò yọ́ bó bá súnmọ́ ọ̀hún. Ìbéèrè tó yẹ ni méjèèjì. Àmọ́ gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù ooru, nígbà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí, gbígbọ̀n àti òtútù ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀nyẹn bá jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ooru. Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì Parker Solar Probe ránṣẹ́ sí oòrùn ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 2018. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 24, oṣù kejìlá, ọdún 2024, ó ti súnmọ́ ojú oòrùn ku mílíọ̀nù kìlómítà 6.1. Kò yọ́. Asà tó wà níwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2.4, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 11.4, síbẹ̀ kílò 73 péré ló wọ̀n, torí pé fóòmù kábọ́ọ̀nù ló wà láàárín rẹ̀, òfo sì ni ìdá 97 nínú 100 fóòmù náà. Ọ̀dà funfun ni wọ́n kùn sí ojú tó kọ sí oòrùn. Iwájú asà yìí lè gbóná tó 1,370 °C, kí ẹ̀rọ tó sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ wà ní nǹkan bí 30 °C.

Ohun kan wà lára rẹ̀ tí kò sápamọ́: ife kékeré kan tó yọrí jáde kúrò lábẹ́ asà láti gba afẹ́fẹ́ oòrùn sínú, ìyẹn àwọn nǹkan bíńtín-bíńtín tí oòrùn ń tú jáde. Wáyà tí a mọ̀ yóò yọ́ níbẹ̀, rọ́bà ara rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Wọ́n wá lo wáyà níóbíọ̀mù, irin kan tí kì í tètè yọ́, wọ́n ki í bọ inú ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi òkúta sáfírè ṣe. Láti dán ife yìí wò, wọ́n kó ẹ̀rọ sinimá ńlá IMAX mẹ́rin tí wọ́n ti tún ṣe jọ, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ wọn sí i. Wọ́n tún gbé e lọ sí Odeillo ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí jígí 10,000 ti ń darí ìtànṣán oòrùn sójú kan.

Ti Yúróòpù, Solar Orbiter, tó gbéra ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2020, dúdú ni asà tirẹ̀. Èédú egungun tí wọ́n jó ni wọ́n fi ṣe àwọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ kan ní Ireland ló sì ṣe é. Ẹ ó ní ṣé dúdú kì í fa ooru ni? Ó ń fà á. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń pa ọ̀dà funfun fún ọdún púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí, ìṣirò ooru tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ á sì dàrú. Dúdú kò ní ibòmíràn tí yóò yí sí. Ó tún ń tú ooru dànù dáadáa, iná mànàmáná sì lè gba ojú rẹ̀ kọjá, kò ní kó jọ síbì kan kó wá ta pàù. Funfun bá Parker mu, dúdú bá Solar Orbiter mu, iṣẹ́ wọn kò jọra.

Ó wá ku ìdọ̀tí, òun gan-an ló ń gba àkókò. Ẹni tó bá ra mọ́tò tuntun tó gbé e sínú oòrùn ní Ọláìyá ní Òṣogbo níbí mọ̀ pé òórùn rọ́bà àti gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń di ohun kan tó dà bí òróró tẹ́ẹ́rẹ́ lára gíláàsì iwájú. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú sátẹ́láìtì, nítorí níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, gọ́ọ̀mù, ọ̀dà àti ara wáyà ń tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn á sì lọ bà lé ohun tó bá tutù jù, èyí tó sábà máa ń jẹ́ jígí kámẹ́rà. Ìtànṣán oòrùn á wá sè é mọ́bẹ̀, á di pupa ràkọ̀ràkọ̀. Kò sí ẹni tí yóò lọ nù ún lókè ọ̀hún. Ọjọ́ tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú nìyẹn.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ohun èlò kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó lò ó. Wọ́n á gbé e sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n á fi 125 °C yan án fún wákàtí 24. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín ju ìdá 1 nínú 100 lọ, tàbí tí ohun tó bà lé irin tútù tó wà nítòsí bá ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ, wọn kò ní lò ó. Èyí tó bá yege, wọ́n á tún yan án fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tò ó pọ̀, wọ́n á sì máa wọn ohun tó ń jáde lára rẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé, wọ́n kàn tan ara wọn jẹ ni. Lẹ́yìn èyí, gáàsì náítírójìn gbígbẹ ni wọ́n á máa fẹ́ sínú awò tí sátẹ́láìtì fi ń wo oòrùn tọ̀sán-tòru títí di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó gbéra. Ìpara ọwọ́, ipa ìka ọwọ́ àti tádàwà máákà kò kéré ní ibi tí à ń wí yìí.

Níwájú àwọn awò kan, bébà álúmínọ́ọ̀mù kan wà tó fẹ́lẹ́ tó nǹkan bí náánómítà 150, irun orí ènìyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bí ihò bíńtín bá wà lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lásán á wọlé, á bo àwòrán mọ́lẹ̀. Ariwo rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan tó láti fà á ya.

Ìdí nìyẹn tí ìdánwò ariwo fi wà, nínú yàrá tí ariwo rẹ̀ ń ju 140 dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì lọ. Ti gbígbọ̀n tún jìnlẹ̀ jù ú lọ. Wọ́n á de sátẹ́láìtì mọ́ tábìlì tó ń gbọ̀n, wọ́n á kọ́kọ́ mì ín díẹ̀, láti orí èyí tó lọ́ra dé orí èyí tó yá, wọ́n á kọ ibi tí ara rẹ̀ ti ń jó tẹ̀lé e sílẹ̀, ìyẹn bí tábìlì ti ń yára gbọ̀n tó nígbà tí ara sátẹ́láìtì gbọ̀n jù ú lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó mì ín gidi. Wọ́n á wá padà ṣe ti àkọ́kọ́. Bí ibi tó ti ń jó bá fi ju ìdá 5 nínú 100 lọ yẹ̀ kúrò ní ti tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bóòtì kan ti dẹ̀ tàbí kí gọ́ọ̀mù kan ti là, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Síwá-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún-sósì, sókè-sódò: ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń gbà ṣe é.

Ti òtútù ló kàn. Nínú yàrá aláìláfẹ́fẹ́, tí ògiri rẹ̀ ń tutù tó nǹkan bí 180 °C nísàlẹ̀ òdo, wọ́n á máa mú sátẹ́láìtì gbóná, wọ́n á máa mú un tutù, léraléra, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé jù ni títan iná alágbára. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, iná kì í fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí kò bá sí rárá, kì í fò. Àárín méjèèjì ni ewu wà, nígbà tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ jáde lọ́wọ́. Ẹni tó bá kánjú tan án nígbà yẹn lè jó ẹ̀rọ tó gba ọdún mẹ́ta láti ṣe.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì nípa òtútù, kó wo SOHO, tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà jọ ní, tó gbéra ní ọdún 1995 láti máa wo oòrùn. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1998, àṣìṣe wà nínú àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, páànẹ́lì sólà rẹ̀ kò kọjú sí oòrùn mọ́. Bátìrì kú, epo inú táǹkì dì gbagidi. Rédà ńlá kan ní Arecibo, ní erékùṣù Puerto Rico, ló rí i ní ọjọ́ 23, oṣù keje. Wọ́n fi ìwọ̀nba iná tí páànẹ́lì rẹ̀ tún ń rí gbà lára oòrùn yọ́ epo náà díẹ̀díẹ̀, ó tó ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, kó tó kọjú sí oòrùn padà. Sátẹ́láìtì tó ń ṣọ́ oòrùn ló dì bẹ́ẹ̀ o.

Ẹni tó bá ní kí ló kàn wá ní Òṣogbo, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ GPS wọn ilẹ̀. Lágbègbè wa yìí, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, ojú sánmà máa ń dàrú débi tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣi ibi mú, pàápàá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ní ọdún tí oòrùn bá ń ṣe gìrìgìrì. Sátẹ́láìtì wa náà nílò irú ìdánwò yìí: iná ló kọ iṣẹ́ lára NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, tó gbéra ní oṣù karùn-ún, ọdún 2007, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wa ní oṣù kọkànlá, ọdún 2008. Kódà NigeriaEduSat-1 ti yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, la ìdánwò gbígbọ̀n àti ti yàrá aláìláfẹ́fẹ́ kọjá kó tó gòkè ní ọdún 2017.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí Olóòtú ni pé bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé irú sátẹ́láìtì báyìí “ti yege ìdánwò”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èyí tó yege: ṣé ti gbígbọ̀n ni, ti ariwo, àbí ti yàrá aláìláfẹ́fẹ́? Èyí tó yege gbígbọ̀n tí kò tíì wọ yàrá yẹn, iṣẹ́ ṣì pọ̀ lára rẹ̀.

Àwa olùkọ́ físíìsì mẹ́ta,
Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.